Páànù Orí Ilé Wa ní Venez-Voir

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ti fi ta mí lọ́rẹ, páànù ni mo mọyì jù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ti tọpa rẹ̀ dé inú ìwé atúmọ̀. Lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ohun ìdínran ni, àwo òṣùwọ̀n ni, òun náà ni àwọn awawúrà fi ń ṣan iyanrìn. Àwa Yorùbá gbà á, a gbé e gun orí ilé. Láti orí ilé ló ti tún sọ̀ kalẹ̀ di ọgbà, ó di ilẹ̀kùn ilé adìẹ, ó di iwájú ìsọ̀. Ní Venez-Voir tí mò ń gbé ní Libreville, kò sẹ́ni tó ń ju páànù nù, bó ti wù kó dógùn-ún tó.

Òmìnira Gàbọ́ọ̀nù kò tíì pẹ́ nígbà náà. Mò ń ta bàtà ní Rio, àdúgbò ọjà kan ní Libreville níbẹ̀, mo sì ti fi pákó kọ́ yàrá méjì tí mo fi ewé ògùrọ̀ bò. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa sílé ní Èkó. Ìyá ìyàwó mi ní ọmọ ọwọ́ kò ní í sùn lábẹ́ ewé tó ń jò. Àbúrò ìyá náà lọ́kùnrin ni yóò bá wọn wọkọ̀ ojú omi wá. Bí kò bá rí páànù lórí ilé mi, ọkọ̀ kan náà ni yóò fi kó ìyá àti ọmọ padà sí Èkó.

Ẹ̀rù kò kọ́kọ́ bà mí, nítorí mo fẹ́ràn páànù kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé. Níbi tí wọ́n bá ti ń kanlé, màá dúró wò, màá béèrè. Mo mọ̀ pé orí ìgun rẹ̀ ni a ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Mo mọ̀ pé ibi tí ìjì kì í ti í wá ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, kí ìjì má baà rí etí rẹ̀ gbé. Mo ṣètò páànù tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rio, ìtara sì mú mi tú gbogbo ewé kúrò. Ìgbà náà ni wọ́n sọ fún mi pé ẹrù kò tíì dé. Ọkọ̀ ìyàwó mi sì ti gbéra.

Káfíntà tí mo bẹ̀, ará Àjàṣẹ́, dé, ó wo òkè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú ewé, tóólù ò sì sí? Ṣé sánmà lẹ fẹ́ fi han àna yín?” Tóólù ni òun ń pe páànù, bí àwọn Faransé.

“Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ó lọ sílé rẹ̀, ó sì tú páànù ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ wá. Láti ibẹ̀ la ti ń yà láti ojúlé sí ojúlé. Ẹnì kan tú ilẹ̀kùn ilé adìẹ rẹ̀, ó kó àwọn adìẹ wọ yàrá. Bàbá onímàle tó ń ta gààrí yọ iwájú ìsọ̀ rẹ̀ fún wa, èyí tó kùn ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ yẹ́lò àti búlúù nígbà òmìnira. Ìyá tó ń dín dòdò lẹ́bàá ọ̀nà yọ èyí tó ń bá a gba atẹ́gùn níbi iná, kí èéfín má baà fẹ́ sí i lójú. Ó ní, “Ẹ gbé e lọ, ọmọ mi. Ọmọ tuntun kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún òjò.”

A gé rọ́bà táyà sábẹ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan, a sì fi ọ̀dà dí àwọn ihò àtijọ́.

Àna mi kó ìyàwó mi àti ọmọ dé, mo dọ̀bálẹ̀. Ó wòkè títí.

“Ọkọ ọmọ wa, aṣọ alágbe lo fi bo ilé.”

“Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná, bàbá.”

Òjò náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń rọ́ gììrì lórí páànù. Àna mi ń rìn káàkiri yàrá, ó ń na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ibi tí páànù bá ti pàdé. Kò rí omi. Ó wá dúró, ó ń fa imú.

“Kí ló dé tí òrùlé rẹ ń rùn bíi dòdò?”

Mo sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá fún un.

“Kí ni ìyá náà wá fi ń gba atẹ́gùn báyìí?”

“Ojú rẹ̀ ni, bàbá.”

“Màá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé páànù wà. Màá sọ fún un pé èèyàn wà pẹ̀lú.” Òun nìkan ló bá ọkọ̀ padà.

Ìyàwó mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní. Nírọ̀lẹ́, ó pọn ọmọ, ó lọ sí ìdí iná ìyá olódòdò, ó dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń wá, ó na ìró rẹ̀ kejì gbọọrọ láti dí atẹ́gùn. Bó ṣe ń ṣe é nírọ̀lẹ́ nìyẹn títí ẹrù fi dé Rio. Páànù tuntun tí mo kọ́kọ́ gbà, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni mo gbé e lọ. A kàn án mọ́ ààyè rẹ̀, ìyá sì fa àpótí kan sún mọ́ iná.

“Ó tó, ìyàwó. Wá jókòó.”

Ìyàwó mi jókòó, ó sì gba dòdò.