Ọ́ìlì Bíréèkì Ìdí Àmù

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ti ẹnubodè pa, tí ọjà òkè òkun wọ́n bí ojú, díẹ̀díẹ̀ ni Sìmbíátù, ìyá Nasrullah, ń wọn ọ́ìlì bíréèkì tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ẹ́dẹ. Ta ló lè ra odindi agolo? Ìgò ni kálukú ń gbé wá. Agolo tó bá ti ṣí a sì pẹ́ nílẹ̀ kó tó tán. Ìdí àmù ló ń gbé e sí, nítorí ibẹ̀ ló tutù jù. Ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ń gbé òrí sí kó má baà yọ́. Ìdérí agolo sọnù, ó fi àkísà dí ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní kò tọ́jú ọjà.

Nínú ọ́ìlì yìí ni Afọlábí, mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti rà, tó rọ ọ́ sínú bọ́ọ̀sì Àtàndá. Bí bọ́ọ̀sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá Ọ̀ṣun tòun tẹrù, Àtàndá tẹ bíréèkì títí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ó darí ọkọ̀ wọgbó. Ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ fọ́, kò sì wakọ̀ mọ́.

Gbogbo ẹnu dojú kọ Afọlábí. Ó búra pé òun ṣe iṣẹ́ òun bó ti yẹ. Ta ni yóò gbọ́? Sìmbíátù gan-an wà lára wọn.

"Ìkánjú ọmọ yẹn ti pọ̀ jù," ló wí, ó ń wọn ọ́ìlì fún ẹlòmíràn.

Afọlábí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó lọ dáko ní ìlú Ara.

Ó pẹ́ kí mẹkáníìkì kan láti Sekona tó wá rajà. Ó fọwọ́ kan àkísà ẹnu agolo. Ó ti rin.

"Ìyá Nasrullah, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Ọ́ìlì yìí máa ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bí ẹnu rẹ̀ ò bá dé pinpin. Ẹ tún wá gbé e ti omi! Bí bíréèkì bá gbóná, omi tó mu á hó, ooru rẹ̀ á kún inú páìpù, ẹsẹ̀ á kàn máa rì ni."

"Tó bá tutù ńkọ́?"

"Á tún padà mú. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ò ní rí nǹkan kan."

Sìmbíátù lọ bá Àtàndá nílé. Lẹ́yìn náà ló wọkọ̀ lọ sí Ara.

Inú ebè ló ti bá Afọlábí.

"Ìyá Nasrullah! Iṣu lẹ wá rà? Oko tèmi kì í sáré o, kò nílò bíréèkì."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin, kí ẹ kúnlẹ̀ fún mi?"

Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ti ro gbogbo rẹ̀. Afọlábí dúró, ó fara ti ọkọ́.

"Ẹ ti sọ fún bùrọ̀dá Àtàndá?"

"Mo ti sọ."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ó wolẹ̀. "Ó ní àánú rẹ ló ń ṣe mí. Ó ní mo fẹ́ fi ara mi gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi."

Afọlábí wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Kò sí àbààwọ́n ọ́ìlì níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ bá mi kí wọn," ló wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè.