Awẹ́ Obì Méjì

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ Sátidé kan nígbà òjò, lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ni mo tú obì tí kì í ṣe tèmi wò ní Makoko.

Yàrá kan ni mo háyà ní Ìpọ̀nrí. Mi ò lọ́rẹ̀ẹ́, mi ò lójúlùmọ̀; ìyá arúgbó tó wà ní yàrá kejì nìkan ló máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Olorì ọba kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ni Màmá yìí tẹ́lẹ̀. Màmá sọ fún mi pé èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni rí ọba ìlú àwọn níbi tó ti ń jẹun, ṣùgbọ́n Kábíyèsí fẹ́ràn àwọn débi pé ó ń bá àwọn jẹun nínú abọ́ kan. Àwọn ìjòyè gbọ́, wọ́n sì ní kí ọba mú ọ̀kan nínú adé àti aya. Màmá ò dúró kí Kábíyèsí yàn. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n fi ìlú sílẹ̀.

Mi ò rí ẹlẹ́rìí kankan sí ìtàn yìí. Obì ni mo rí. Lóṣooṣù, awakọ̀ tó ń kó gẹdú láti ìlú wọn wá sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Makoko máa ń mú obì kan wá nínú ewé. Ẹsẹ̀ ń dun Màmá, èmi ni mo ń lọ gbà á. Dípò awẹ́ mẹ́rin, méjì péré ló máa ń kù: Kábíyèsí ti jẹ méjì, Màmá á jẹ méjì. Wọ́n á ní, "A ti jẹun pọ̀ nìyẹn." Mo máa ń jowú wọn, èmi tí mò ń dá jẹun lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, awakọ̀ náà ò bá mi ṣàwàdà. Ara fu mí. Mo tú ewé. Awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan láàfin?"

"Akọ̀wé, èmi ni mò ń ṣọ́ ààfin ni? Wọ́n ní kí n gbé e wá, mo gbé e wá. Máa lọ, jàre."

Wọn kì í fẹnu sọ ọ́ pé ọba kú. Ẹnì kan láàfin ti fi obì sọ ọ́. Òótọ́ korò, mo sì pinnu pé Màmá ò ní tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo dé Yaba, mo ya awẹ́ méjì, mo jẹ wọ́n, mo sì ń yin ọgbọ́n ara mi.

Nígbà tí mo gbé e fún wọn nílé, Màmá gbé obì náà sójú ìmọ́lẹ̀. "Ojú ibi tí wọ́n ti ya á ṣì tutù," ni wọ́n wí. "Obì tí wọ́n ti ya láti ìjẹta, ojú rẹ̀ á ti gbẹ, á ti pọ́n." Gbogbo ìwé tí mo kà, èyí ò sí níbẹ̀.

"Ìwọ lo jẹ ẹ́?"

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

Wọ́n gbé awẹ́ méjì tó kù sínú àwo kékeré. "Yàtọ̀ sí obì," ni wọ́n bi mí, "ṣé o ti jẹun lónìí?"

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo kan ilẹ̀kùn wọn, ó ṣí, kò sẹ́nì kankan nínú yàrá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni rédíò tó kéde pé ọba wàjà. Àwọn kan ní Màmá padà lọ ṣọ̀fọ̀. Àwọn kan ní wọn ò dé ibẹ̀. Títí dòní, tí mo bá jókòó ti oúnjẹ, mo máa ń bi ara mi bóyá àánú ni mo ṣe lọ́jọ́ náà, àbí èmi ni mo jẹ ìpín ọba. Mi ò lè sọ. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé àwo náà wà lórí tábìlì, awẹ́ méjì wà nínú rẹ̀, wọ́n ti gbẹ, eyín ò kàn wọ́n.