Àbúrò Mi àti Ìwádìí Tó Ń Bà Á Lẹ́rù

Àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ yunifásítì ní Houston níbí, kì í bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ àfi bí a bá wà nínú mọ́tò tí gbogbo gíláàsì wà ní títì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ló ń ṣèwádìí lé lórí. Ọ̀pọ̀ àjọ ló ti kọ̀wé sí fún owó ìrànwọ́, wọn ò dá a lóhùn. Bí ìyá wa, tó ń gbé ní Pearland nítòsí wa, bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìtàn ni, Mọ́mì."

Níkẹyìn, àjọ kan gbà. A wà nínú mọ́tò lórí òpópónà márosẹ̀ nígbà tí obìnrin kan pè é láti ibẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ fídíò àwọn tí àbúrò mi fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, káwọn lè gbé e síta.

"Wọ́n ṣì ń lọ wo òbí wọn ní Nàìjíríà," àbúrò mi dáhùn. "Bí ojú wọn bá jáde, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ lo ojú tèmi."

Obìnrin náà gbà.

Mo ní, "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mọ́mì ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀."

Fídíò rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Sátidé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì pè mí. Wọ́n ní àwọn ti rí i. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé àbúrò rẹ máa ń ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ dáadáa?"