Ẹni Tó Rìnrìn Àjò Ńkọ́?

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn okùn aṣọ ní Jákáńdè Estate, Ìsọlọ̀. Ìyá Diamond àti Memunat ló ń jà nítorí ibi tí wọn yóò sá aṣọ sí. Ni olóògbé Tíṣà Ọláfimíhàn, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì, bá mú ìwé dání, ó ń kan ilẹ̀kùn fúláàtì kọ̀ọ̀kan nínú ilé wọn.

"Ṣé ìjà yìí ti kú lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ti kú, sà."

Ó kú ní fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tíṣà dúró lórí àtẹ̀gùn, ó kéde pé ìjà parí. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, Àbdùlgàfár, ọkọ Memunat, ti Ìlọrin dé. Inú ṣì ń bí òun ní tirẹ̀, ló bá fọ̀bẹ gé okùn. Agbádá funfun Tíṣà nìkan ló wà lórí okùn lọ́jọ́ náà. Tíṣà he aṣọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ṣíwèé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹni tó rìnrìn àjò ńkọ́?"

Bó ṣe ń yẹ gbogbo nǹkan wò nìyẹn. Tó bá fẹ́ ra ẹ̀wà lọ́jà Àìlégún, igun kọ̀ọ̀kan nínú àpò ni yóò ti mú díẹ̀, tí yóò máa fi eyín gé e wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

"Tíṣà," ẹlẹ́wà ní, "ẹ ti jẹ tiyín tán o. Owó ló kù."

Ìṣirò tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe náà kò yàtọ̀. Ká ní nǹkan kan wà nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ńlá, tí a ń fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ léraléra, ṣé yóò di òfo lọ́jọ́ kan? Tíṣà ní ká má tú ẹgbẹ́ ńlá wò, ká wo àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké inú rẹ̀. Bó bá di òfo nínú gbogbo wọn, yóò di òfo nínú ńlá. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kan wà tí kì í hàn, àfi téèyàn bá fẹ pápá nọ́ńbà rẹ̀ lójú sí i, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tó fi ń ṣe ìṣirò náà.

Tẹ́júọlá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ti di olùkọ́, dìde níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò. Ó kọ nǹkan kan sójú pátákó tó di òfo nínú gbogbo ẹgbẹ́ kéékèèké, tí kò sì di òfo nínú ńlá.

"Ẹ má bínú sà, òfin yín ti wó."

Tíṣà rọra bi í pé, "Ẹni tó rìnrìn àjò ńkọ́?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé arúgbó ń ṣarán ni.

Ìgbà tí wọ́n sìnkú rẹ̀ tán ni Tẹ́júọlá tún ìṣirò náà ṣe. Ó fẹ pápá lójú, ẹgbẹ́ kan yọjú, nǹkan ọ̀hún ò sì di òfo nínú rẹ̀, ó wà láàyè. Ojú tì í débi pé kò lè wo fọ́tò Tíṣà. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ló bá gba Jákáńdè lọ, ó ń kan ilẹ̀kùn. "Mo sọ ní gbangba pé òfin Tíṣà ti wó. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

"Àǹtí, àwa ò tiẹ̀ gbọ́ sí i," Àbdùlgàfár ní. "Èmi tí mo gé okùn ńkọ́? Wọ́n dárí jì mí."

Ó kan ilẹ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìtìjú ò kú. Orí àtẹ̀gùn ló ti rántí Jeremy, ọmọ Tíṣà tó wà ní Kánádà. Ó pè é, ó ka ẹjọ́ ara rẹ̀ fún un. Jeremy rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Àǹtí Tẹ́jú, dádì ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ ìpàdé yẹn gan-an. Wọ́n ní n má pè yín, ẹ ó rí i fúnra yín. Wọ́n ní gbogbo ilẹ̀kùn lẹ máa kàn tán kẹ́ ẹ tó rántí èmi tí mo rìnrìn àjò."

Tẹ́júọlá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìtìjú náà ò tíì kú, àmọ́ ó mọ̀ pé yóò kú.