Ọṣẹ Ìyá Ràímì àti Ọmú Sìdíkátù

Igbe ọmọ kì í já mi láyà. Ọmọ tó bá ń ké ṣì ní agbára. Ìyá tó bá gbé ọmọ sáyà tí kò fọhùn, òun gan-an ló máa ń já mi láyà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo sì ti gbàgbé, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé bí Sìdíkátù ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìlá Ọ̀ràngún ni, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣì ni wá, tí àwọn èèyàn sì ń tò nínú oòrùn nítorí agolo mílíìkì kan. Lọ́jọ́ tí a bá ń wọn ọmọ ní ilé ìgbẹ̀bí wa, àwọn ìyá ọlọ́mọ a máa wá láti Ọ̀rà àti láti àwọn abúlé oníkòkó, bẹ́ǹṣì wa kì í gbà wọ́n. Ẹlòmíì a ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn.

Ìyá ọkọ Sìdíkátù, Ìyá Ràímì, ló gbé ọmọ tuntun náà wọlé, Sìdíkátù tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tí kò mọ Ìyá Ràímì. Òun ló ń fi eérú èèpo kòkó se ọṣẹ dúdú, ọṣẹ rẹ̀ sì lágbára. Bí èèyàn bá fi fọ aṣọ oko, aṣọ á mọ́, àfi kó o máa wá ibi tí àwọ̀ rẹ̀ gbà lọ. Mo gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Ó ti fúyẹ́ ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn.

Mo bi Sìdíkátù pé, “Ṣé ọmú ń jáde?”

“Ó ń jáde, mà.”

“Ṣé kò dùn ẹ́?”

Ó wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀. “Kò dùn mí.”

Mo ní kó fún ọmọ lọ́mú kí n rí i. Bí ẹnu ọmọ ṣe kan ọmú báyìí, Sìdíkátù fi eyín di etí ìborùn rẹ̀ mú, ó sì ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì jọ. Ó ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ṣóńṣó orí ọmú nìkan ló kù lẹ́nu ọmọ. Omijé ń bọ́, ohùn ò jáde. Nígbà tí mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí i pé orí ọmú náà ti là, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, awọ ara rẹ̀ sì ti bó.

Ìyá Ràímì sọ pé, “Nọ́ọ̀sì, bá mi bá a sọ̀rọ̀ o. Ọmọ fẹ́ mu, ìyá ń sá. Wọ́n ti ń sọ nílé pé kò fẹ́ràn ọmọ. Bí a bá ti délé lónìí, ẹ̀kọ ni mo máa fún ọmọ yìí.”

Mo ti rí ọmọ tuntun tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ omi bọ́, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń já sí. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmú. Inú Ìyá Ràímì dùn sí ìbéèrè yẹn. Ó tú àpò, ó kó ọṣẹ rẹ̀ àti kànìnkànìn jáde.

“Èmi fúnra mi ni. Kí ọmọ tó mu, mo máa ń fi ọṣẹ gbo orí ọmú rẹ̀ títí á fi dán. O ò lè rí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀.”

Ọmú dán lóòótọ́. Ó dán bí ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀.

Ẹnu mi mú nígbà náà, kò sì tíì kú títí dòní. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ mátíróònù tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ìyàwó lò ń tọ́jú, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ló máa bá a délé. Bí mo bá dójú ti ọlọ́ṣẹ lójú gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ta ni yóò jẹ ìyà rẹ̀ nílé? Mo kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

“Màmá, bí ẹ bá ń se ọṣẹ, báwo lọwọ́ yín ṣe máa ń rí?”

“A máa bó. A sì máa ta mí bí ata.”

“Kí lẹ wá máa ń ṣe sí i?”

“Màá fi ọṣẹ sílẹ̀, màá fi òrí pa á.” Ó sọ ọ́ tán, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo àyà ìyàwó rẹ̀, ó wo kànìnkànìn. Ó rọra dá ọṣẹ padà sínú àpò.

Mo wá ṣàlàyé pé Ọlọ́run ti fi òróró sí ibi dúdú tó yí orí ọmú ká, ọṣẹ ló ń gbà á kúrò. Ìwẹ̀ tí ìyá ọmọ ń wẹ̀ tó o. Lẹ́yìn tí ọmọ bá mu tán, kó fún omi ọmú díẹ̀ pa ojú ibi tó là, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ó ku bí ọmọ ṣe ń mu ún. Mo ní kí Sìdíkátù fẹ̀yìn ti ògiri, kó gbé ọmọ wá bá ọmú, kó má gbé ọmú lọ bá ọmọ, kí ikùn ọmọ kojú sí ikùn tirẹ̀. Kó dúró kí ọmọ la ẹnu gbàgà bí ẹni tó ń yán, kí ibi dúdú náà wọlé pẹ̀lú orí ọmú. Tí kò bá wọlé dáadáa, kó má fà á yọ, kó ti ọmọ ìka bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọmọ kó lè fi ọmú sílẹ̀.

“Ẹ̀yin ni olùṣọ́ ẹnu ọmọ, Màmá. Bí kò bá là á tó, ẹ má jẹ́ kó gbà á.”

Ẹ ò rí Ìyá Ràímì! Ó lóṣòó síwájú ọmọ, òun náà ń la ẹnu pẹ̀lú rẹ̀. “Kò tíì tó. Kò tíì tó, ìyàwó, dúró. Ó yá!” Wọ́n ṣe é, kò bọ́ sí i. Wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó yá, a gbọ́ bí ọmọ ṣe ń gbé e mì.

“Ṣé ó ń dùn ẹ́?” ni mo bi Sìdíkátù.

Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. “Ó ń dùn mí, mà. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ ló ti ń dùn mí. Àmọ́ eléyìí rọjú.”

Ìyá Ràímì ní, “O ò sọ fún mi.” Kò bínú sọ ọ́. Ó wá ṣèlérí fún mi pé òun ò ní fún ọmọ ní ẹ̀kọ.

Nígbà tí wọ́n padà wá, òṣùwọ̀n ti gòkè, ojú egbò ti ń pa dé. Mo yọ̀ débi pé mo gbé ọmọ jó. Sìdíkátù pọ̀n ọ́n, ó bọ́ síta, ṣùgbọ́n Ìyá Ràímì ò dìde.

“Nọ́ọ̀sì, mo bímọ kan ṣáájú Ràímì. Orí ọmú mi là bíi ti ìyàwó yìí. Apá mi ò ká a mọ́, wọ́n sì ń fún un ní ẹ̀kọ títí Ọlọ́run fi gbà á. Wọ́n ní omi ọmú mi ló dọ̀tí, pé òun ló pa á.” Ó ń fi àtàńpàkò gbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “Ìdí tí mo fi ń fọ ti ìyàwó nìyẹn. Ṣé omi ọmú mi ni?”

“Rárá, Màmá. Omi ọmú yín ò dọ̀tí. Kò fìgbà kan dọ̀tí rí.”

“Tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ó fi etí ìró nu ojú, ó sì kígbe pe Sìdíkátù kó padà wọlé. Nígbà tí ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà, ó fà á lọ́wọ́, ó mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì,” ó ní, “sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọmọ mi gbọ́.”