Bẹ́ẹ̀dì Tí Aboyún Kò Lè Gùn

Ká má purọ́, kò sẹ́ni tó rò pé Aríná-má-sá máa lo oṣù kan nílé iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rìnlá ló ń gé irin tí wọ́n sì ń jó o, òun nìkan ṣoṣo ni obìnrin àárín wọn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, wọ́n bi í bóyá oúnjẹ ló wá tà. Ó gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bi í, ó fa ìbòjú wálẹ̀, ó jó irin méjì pọ̀, ojú ibi tó jó sì tò tẹ̀ léra bí ojú abẹ́rẹ́ télọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tí gbogbo wọn fi ń pè é.

Oníwọ̀n ni wọ́n ń pe ọ̀gá wọn, nítorí téèpù kì í kúrò lápò rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ dáadáa, àmọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ohun tóun wọ̀n kò pé. Ó ti kìlọ̀ fún obìnrin náà: “Oṣù mẹ́ta ni mo fi máa dán ẹ wò. Ọjọ́ tó o bá bá mi jiyàn, ọjọ́ náà ni kó o palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́.” Aríná-má-sá ní, “Mo ti gbọ́, sà.” Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló sì ń fi iṣẹ́ náà bọ́.

Ní oṣù kejì, iṣẹ́ ńlá kan wọlé: ogójì bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí. Oníwọ̀n fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán rẹ̀. Ó jẹ́ kí gíga rẹ̀ bá ìbàdí dókítà dọ́gba, kí ẹ̀yìn má baà máa dun dókítà. Wọ́n jó èyí àkọ́kọ́, wọ́n kùn ún ní funfun, gbogbo wọn yí i ká, wọ́n ń yìn ín bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.

Aríná-má-sá wò ó, ìbàdí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nígbà tó ń rọbí ọmọ rẹ̀ kejì, irú bẹ́ẹ̀dì gíga yìí ló ń gùn tó fi yọ̀, tó fìdí balẹ̀ gbì. Títí dòní, bí òtútù bá mú, egungun ìdí rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbàgbé. Ó ro ti àwọn ọmọ tó ń dúró dè é nílé. Ó tún ro ti àwọn aboyún tí kò mọ̀ rí. Ló bá la ẹnu.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀dì yìí ga jù.”

“Ga jù fún ta ni?” Oníwọ̀n bi í. “Àbí ìwọ náà ti di dókítà?”

“Fún ẹni tó máa gùn ún, sà.”

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kun ọ̀dà ní, “Ṣé ẹsẹ̀ aboyún kúrú ju ti èèyàn lọ ni?” Ni ẹ̀rín bá sọ.

Aríná-má-sá kò jiyàn. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó bu yanrìn kún àpò kan, ó gbé e dé iwájú ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú okùn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n so èyí mọ́ yín níkùn. Tẹ́ ẹ bá lè gun bẹ́ẹ̀dì yẹn, fúnra mi ni màá palẹ̀ ẹrù mi mọ́.”

Oníwọ̀n kò lè kọ̀ lójú ọmọọṣẹ́ mẹ́rìnlá. Wọ́n so ó mọ́ ọn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, àpò kọ lu irin. Ó kẹ̀yìn sí i, ó fò, ìdí rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó wá fẹ̀gbẹ́ gùn ún, yanrìn fà á sọ́wọ́ kan, bí kì í bá ṣe pé obìnrin náà tètè di apá rẹ̀ mú, ilẹ̀ ni ì bá bá ara rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Obìnrin náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: “Ẹ rántí pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí o, sà.”

Ẹ̀rín dá. Oníwọ̀n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ikùn yanrìn rẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀.

“Ọmọ mẹ́jọ ni màámi bí,” ó ní. “Mi ò bi màámi léèrè rí bó ṣe rí lára wọn.” Ó yọ téèpù lápò, ó nà án sí i. “Gbà. Wọ̀n ọ́n fún wa.”

Wọ́n gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà kúrú. Akunọ̀dà tó ń ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó ti ṣe mẹkáníìkì rí, ló ní kí wọ́n fi jáàkì sí i nísàlẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè gbé e sókè dé ìbàdí dókítà tí aboyún bá ti dùbúlẹ̀ tán. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Obìnrin bíi Aríná-má-sá ṣọ̀wọ́n o. Ẹni tó mọ ohun tó lè pàdánù, tó ṣì sọ òótọ́.

Oṣù mẹ́ta pé, kò sẹ́ni tó rántí. Iṣẹ́ mìíràn wọlé: àga onítáyà fún àwọn tí kò lè rìn. Oníwọ̀n tẹ́ ìwé sórí tábìlì, ó mú pẹ́ńsù, gbogbo wọn dúró tì í. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo tiwọn, ó sì fi pẹ́ńsù sílẹ̀.

“Kò sí ẹni tó máa jókòó sí i láàárín wa níbí,” ó ní. “Aríná-má-sá, jọ̀ọ́, bá wa lọ pe ẹnì kan tí kò lè rìn wá.”