Àǹtí Tí Kì Í Wo Fíìmù Parí

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń fi téèpù wọn ojú tẹlifíṣọ̀n: àǹtí aránṣọ tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Yaba. Fíìmù ayé àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn, àmọ́ wọn ò wo ọ̀kan parí rí. Bí ọba bá ń kú lọ́wọ́, wọ́n á ní kí n dá a dúró.

“Ọba kọ́ ni mò ń wò. Kọ́tìnì ẹ̀yìn ẹ̀ ni.”

Kó tó dọ̀sẹ̀, irú kọ́tìnì yẹn á ti wà ní pálọ̀ wọn.

Nínú fíìmù kan, wọ́n rí bùbá aláró kan tí ìdajì apá ẹ̀ jẹ́ aṣọ mìíràn. Wọ́n rán irú ẹ̀ fún mi, ni gbogbo ọmọge àdúgbò bá ń béèrè ẹ̀.

Àfìgbà tí ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú. Bí wọ́n ṣe rí bùbá náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín lójú Àǹtí.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí! Aṣọ tí ò tó la máa ń lẹ̀ báyìí. Tá a bá ń jáde, a máa ń ká apá ẹ̀ sókè, kójú má baà tì wá.”

Mo rò pé Àǹtí máa bínú. Àpótí ni wọ́n fà, wọ́n jókòó síwájú ìyá mi.

“Màámi, níbo lẹ ti ń rí èyí tẹ́ ẹ fi ń lẹ̀ ẹ́?”

“Lára ìró ìyá mi tó ti gbó ni.”

Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ò dá a dúró títí tó fi parí.